Ògiri tí a tò, ògiri tí a so: ìmìtìtì ilẹ̀ àti ilé tí à ń kọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìjì kan jà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, kò pẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí òjò dá, fẹ́ǹsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè rẹ̀ tán ti sùn sílẹ̀ gbalaja. Kò fọ́ o. Ó sùn ni, odindi, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ de àlejò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé búlọ́ọ̀kù méjì tó ṣì fara mọ́ra, mo fi ọwọ́ lásán yà wọ́n bí ẹni bu búrẹ́dì. Sìmẹ́ńtì àárín wọn kò di èyíkéyìí nínú wọn mú. Ó dá wà láyè ara rẹ̀, ó ń rún wómúwómú. Fẹ́ǹsì náà gùn tó 60 ẹsẹ̀ bàtà, kò sì ní pílà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bíríkìlà tó kọ́ ọ wá wò ó, ó mi orí, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, iṣẹ́ Ọlọ́run ni."

Iṣẹ́ Ọlọ́run kọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, tèmi náà sì wà ńbẹ̀, nítorí èmi ni mo ní kó bá mi dín owó kù.

Ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, mi ò ṣìnà. Afẹ́fẹ́ tó ti fẹ́ǹsì mi ṣubú àti ilẹ̀ tó ń mì lábẹ́ ilé, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà bá ògiri jà: ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń wá. Ògiri mọ ẹrù rù láti òkè wá sílẹ̀. Ẹrù páànù, ẹrù dẹ́kìn, kò sí èyí tí kò lè rù bí a bá tò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tì í láti ẹ̀gbẹ́, títò nìkan ò tó mọ́. Èyí tí a bá so pọ̀ ló máa dúró.

Láti ìgbà tí fídíò ilé alájà gogoro tó ń wó lulẹ̀ ní Tọ́kì ti kún orí fóònù wa ní Oṣù Kejì ọdún 2023, tí ti Mòrókò sì tẹ̀lé e ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ìbéèrè kan ò kúrò lẹ́nu àwọn tó ń kọ́lé lọ́dọ̀ wa: ṣé irú rẹ̀ lè dé ibí? Àwọn kan ní ilẹ̀ Yorùbá ò lè mì, pé ilẹ̀ tí adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn kì í yẹ̀. Àwọn kan ní òpin ayé ló dé. Ìdáhùn gan-an wà láàárín méjèèjì, kò sì dùn ún gbọ́ tó tiwọn.

Ilẹ̀ tiwa

Orí àpáta ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó sí. Ẹni tó bá ti sanwó kànga rí níbí mọ ohun tí mò ń sọ: àwọn tó ń gbẹ́ ẹ á débì kan, wọ́n á gun òkè wá, wọ́n á ní "a ti kan òkúta", iye owó á sì yí padà. Àpáta náà ti dàgbà, ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Awọ ayé pín sí abala ńláńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ibi tí abala méjì bá sì ti ń fi ara gbún ara wọn ni ilẹ̀ ti ń mì jù. Ààlà abala tiwa lápá ìwọ̀-oòrùn wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì, ó jìnnà réré sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba ńlá wa ò fi ní ilẹ̀ mímì lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́lé.

Ṣùgbọ́n àpáta àtijọ́ ní ojú ọgbẹ́ àtijọ́ lára, ibi tó ti là rí. Ọ̀kan tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń dárúkọ jù ni èyí tó gba Ifẹ̀wàrà kọjá lọ sí Zungeru ní ìpínlẹ̀ Niger. Irú ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á sì gbọ̀n. Ó ti gbọ̀n rí. Ní 1984 ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀, ní 1990 ó mì ní Ìbàdàn. Ní Oṣù Kẹta ọdún 2000, wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́, Abẹ́òkúta, àti Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀. Ní 2016 ó kan Ṣakí. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ó kan Mpape ní Àbújá, ariwo tiyẹn sì pọ̀ jù, bóyá nítorí pé ó dé etí àwọn ọlọ́lá. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà ní Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi tó jẹ́ pé kó máa tẹ́tí sí ilẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ wà ní Ilé-Ifẹ̀.

Kò sí èyí tó wó ìlú nínú gbogbo wọn. Abọ́ á mì lórí kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn èèyàn á sá jáde, ó parí. Èyí tó yẹ kó mú wa ronú ni ti àwọn ará Gánà. Ní ọjọ́ 22 Oṣù Kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì ní Accra, ó wó ilé, ó pa èèyàn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára dé Èkó, Ìbàdàn àti Ifẹ̀. Accra ò sì tíì dákẹ́. Ó tún mì ní 2020 àti ní 2022.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé Ògbómọ̀ṣọ́ máa di Tọ́kì lọ́la, ẹ má dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìmìtìtì ilẹ̀ nìkan ló ń ti ògiri láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ní alẹ́ ọjọ́ 16 Oṣù Kìíní ọdún 2024 ò ní gbàgbé bí ohun abúgbàù tó dún ní Bódìjà ṣe gbọn ilé gbogbo, tí àwọn kan fi kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ló mì. Ìjọba ní àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó o pa mọ́ sínú ilé. Ògiri ò béèrè pé kí ló tì í. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Keje ọdún náà, ilé ẹ̀kọ́ kan wó ní Jọ́ọ̀sì, ó pa èèyàn 22, ilẹ̀ kankan ò sì mì níjọ́ náà.

Ohun tó pa Haiti, tó dá Chile sí

Ilẹ̀ mímì fúnra rẹ̀ kì í sábà pa èèyàn. Ẹni tó dúró láàárín pápá nígbà tí ilẹ̀ ń mì lè ṣubú, á sì dìde. Ògiri àti òrùlé ló ń pani.

Ẹ wo ọdún 2010. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kìíní, ilẹ̀ mì ní Haiti, òṣùwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ 7.0. Iye òkú tí ìjọba wọn kà lé ní 200,000. Kò tó oṣù méjì sí i, ní ọjọ́ 27 Oṣù Kejì, ilẹ̀ mì ní Chile, òṣùwọ̀n tiyẹn jẹ́ 8.8. Ẹni tí ò mọ òṣùwọ̀n yìí á rò pé ìyàtọ̀ kékeré ni. Agbára tó jáde nínú ti Chile tó ìlọ́po 500 ti Haiti. Iye tó kú ní Chile jẹ́ bíi 525, omi òkun tó ya wọ ìlú ló sì gbé ọ̀pọ̀ lọ nínú wọn. Lóòótọ́, ti Haiti ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá olú-ìlú wọn gan-an, ti Chile sì wà létí òkun. Ìyẹn náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò lè ṣàlàyé gbogbo òkú wọ̀nyẹn.

Àwọn tó lọ yẹ àwókù Haiti wò bá búlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ kéré níbẹ̀, pílà tín-ín-rín tó jẹ́ irin ọ̀bọ̀rọ́ ló wà nínú òmíràn, ring (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ yí irin gígùn inú pílà ká) tó jìnnà síra, àti dẹ́kìn wúwo lórí gbogbo rẹ̀. Ìwúwo yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó dúró lásán á mì, ẹni tó ru àpò ìrẹsì á lọ bá gíláàsì iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ilé rí. Bí òkè rẹ̀ bá ṣe wúwo tó ni ilẹ̀ ṣe máa fi í gbá ara rẹ̀ tó.

Ti Chile ní ìtàn nínú. Ní 1928, ilẹ̀ mì ní Talca, ó wó ìlú náà. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri lọ́nà kan tí àwọn ará Ítálì ti dán wò lẹ́yìn tí ilẹ̀ wó Messina ní 1908. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1939, ọdún kan náà tí ilẹ̀ mì ní Accra, ilẹ̀ mì ní Chillán, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ lọ́nà tuntun yìí fara dà á ju àwọn yòókù lọ. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti fi í sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà náà rèé. Ògiri ni wọ́n ń kọ́ ṣáájú, kì í ṣe pílà. Wọ́n á fi àyè pílà sílẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, níbi tí ògiri méjì bá ti pàdé, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé ńlá. Etí ògiri tó kọjú sí àyè náà kì í gún régé. Búlọ́ọ̀kù kan á yọ síta, èyí tó tẹ̀ lé e á wọlé, bí eyín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé irin sí i, wọ́n á kan pákó, wọ́n á da kọnkéré. Kọnkéré á ṣàn wọ àárín eyín yẹn. Lókè, bíìmù kan á yí gbogbo ilé ká, irin rẹ̀ á wọ inú irin pílà. Nígbà tó bá fi gbẹ, ògiri ti di ẹrù tí wọ́n fi okùn dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lè sán o, ó tiẹ̀ máa sán, ṣùgbọ́n kò ní tú.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ṣebí ohun tí bíríkìlà tiwa ń ṣe nìyẹn! Ẹ lọ sí sàìtì èyíkéyìí ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n á kọ́kọ́ tò, wọ́n á fi ihò pílà sílẹ̀ ní igun, wọ́n á fi pákó méjì gbé e, wọ́n á da kọnkéré sí i. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn nípa Chile. Wọ́n ń ṣe é nítorí pé ó ń dín pákó kù. Ìdajì iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ wa láìmọ̀, ìdajì kejì ló sọnù, ìdajì kejì yẹn ló sì kéré lówó jù.

Ring kan lọ́wọ́ mi

Lóṣù tó kọjá mo yà ní sàìtì kan ní Under G, àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tí wọ́n máa fi háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH. Ọmọkùnrin kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń tẹ ring sára ìṣó mẹ́rin tí wọ́n kàn mọ́ pákó. Mo ní kó fún mi ní ọ̀kan. Irin 8 mm ni. Ó tẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́rin, orí rẹ̀ méjèèjì pàdé ní igun kan, wọ́n sì dúró gbọnrangandan síta bí apá ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Igun náà yà.

Irú orí bẹ́ẹ̀ ló ń dá pílà lára. Bí ilé bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, kọnkéré tó bo irin lóde ló máa kọ́kọ́ jábọ́. Tó bá ti jábọ́, ring tí kò ní ohun tó dì í mú mọ́ á là, àwọn irin gígùn á wú síta, kọnkéré inú á sì dà sílẹ̀ bí ẹ̀wà láti inú àpò tó ya. Bí wọ́n bá tẹ orí ring náà kọjá igun, kó yí wọ inú, kó máa wo àárín pílà, inú kọnkéré tó wà láàárín ló máa kó sí. Kò sí ohun tó máa là á níbẹ̀. Títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan sí i ni gbogbo ìyàtọ̀ náà. Kò gba irin tó ínǹṣì mẹ́fà.

Ọ̀gá wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàbà, ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Alàgbà, ọ̀rọ̀ yín dáa. Ṣùgbọ́n tí a bá tẹ̀ ẹ́ wọ inú, kọnkéré ò ní ráyè wọlé, inú pílà á ní ihò." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Pílà wọn kéré, òkúta tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sì tóbi tó ọwọ́ tí a dì. Ẹ̀bi òkúta nìyẹn o, kì í ṣe ti ring. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà sínú pílà, wọ́n á sì fi irin máa gún un bí wọ́n ti ń dà á kí afẹ́fẹ́ lè jáde.

Mo bi í bí ring rẹ̀ ṣe ń jìnnà síra tó. Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn tí ilẹ̀ ń mì lọ́dọ̀ wọn kì í jẹ́ kó kọjá 8 ínǹṣì, wọ́n á tún sún un mọ́ra sí i ní ìsàlẹ̀ àti lókè pílà, torí ibẹ̀ ni ó ti máa ń ṣẹ́. A jọ ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ nínú yanrìn. Pílà tó ga tó 10 ẹsẹ̀ bàtà, bí ring bá jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ring 11 ni. Bó bá jẹ́ 8 ínǹṣì, ring 16. Márùn-ún ló fi lé. Ring kan ń jẹ irin bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, irin kan sì gùn tó 40 ẹsẹ̀ bàtà, ring 13 á jáde nínú rẹ̀. Ilé tó ní pílà 12 máa fẹ́ ring 60 sí i. Irin 8 mm márùn-ún! Kò tó owó ọ̀dà tí wọ́n máa fi kun iwájú ilé yẹn.

Ọ̀gá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Alàgbà, onílé ò ní rí ring. Ọ̀dà ló máa rí." Mi ò rí èsì fún un.

Líńtù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àwọn kan máa ń dà á sórí fèrèsé àti ilẹ̀kùn nìkan, wọ́n á gé e níbẹ̀, wọ́n á máa to búlọ́ọ̀kù lọ. Líńtù gígé ń ru ẹrù fèrèsé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò so ilé. Ní India àti Nepal, bí bẹ́líìtì ni wọ́n ṣe ń ṣe é: ó gbọ́dọ̀ yí gbogbo ògiri ká, ti inú àti ti òde, kò gbọdọ̀ já níbì kankan. Ibi tó sì ti ń já jù ni igun, nítorí pé àwọn tó ń to irin máa ń fi irin ògiri kọ̀ọ̀kan parí síbi tí ògiri rẹ̀ bá parí sí. Irin gbọ́dọ̀ yí igun kọjá kó lọ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ògiri kejì. Bẹ́líìtì tí kò dé ìdè, ṣòkòtò á bọ́.

Òkúta kì í ṣe àṣírí agbára

Ní Ṣakí, ní Ìgbẹ́tì, ní Adó-Àwáyè, òkúta kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá kiri. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé tó máa tọ́jọ́ sì máa ń sọ pé, ṣé òkúta ò wá le ju búlọ́ọ̀kù lọ ni? Ó le. Ògiri òkúta ni kì í le, àfi tí a bá mọ̀ ọ́n kọ́.

Ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹrin ọdún 2015, ilẹ̀ mì ní Nepal, òṣùwọ̀n 7.8, bíi 9,000 èèyàn ló kú. Ní abúlé orí òkè wọn, ilé olókúta tí wọ́n fi amọ̀ mọ ló wó jù. Ní Mòrókò ní 2023, níbi òkè Atlas, irú rẹ̀ náà ni: òṣùwọ̀n 6.8, òkú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Bí ẹ bá rí irú ògiri yẹn, ẹ ó rò pé odi ni, nítorí ó nípọn. Ṣùgbọ́n ògiri méjì ló fara ti ara wọn. Mọlémọlé a to òkúta tó lójú sí òde, a to òmíràn sí inú, a sì kó òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ sáàárín. Bí ilẹ̀ bá mì, wẹ́wẹ́ àárín á rọ̀ sílẹ̀, á máa ti ojú méjèèjì kúrò lára wọn. Ikùn ògiri á yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú kan á wó síta, ìkejì á wó sórí ẹni tó ń sùn.

Òkúta gígùn ni oògùn rẹ̀, èyí tó gba inú ògiri kọjá láti ojú kan dé ojú kejì bí ìdábùú. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní India ni pé bí ògiri bá ti ga sókè ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ọ̀kan má sì jìnnà sí èkejì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Bí òkúta gígùn ò bá sí, kí wọ́n da kọnkéré kékeré tó ní irin nínú, kí wọ́n fi rọ́pò. Ògiri náà ò gbọdọ̀ nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ, èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí gbogbo wa rò pé bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe dáa tó. Nínípọn láìsí ìdè, ẹrù lásán ni. Ní igun, òkúta gígùn ni kí wọ́n máa dá bú ara wọn, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Òkúta rébété láti inú odò ò dáa bí wọn ò bá là á, ó máa ń yí. Fèrèsé gbọ́dọ̀ jìnnà sí igun tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bẹ́líìtì kọnkéré tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò yọ òkúta sílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tó so òkúta àti kọnkéré pọ̀. Wọ́n á gbé pákó dúró, wọ́n á to òkúta sí ojú kan nínú rẹ̀, wọ́n á da kọnkéré sẹ́yìn òkúta náà, wọ́n á sì máa sún pákó sókè bí ògiri bá ti ń ga. Ó rẹwà, kò sì nílò kí èèyàn jẹ́ ọ̀gá nínú òkúta títò. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ ti ń mì, ẹni tó bá kọ́ ọ láìfi irin sínú kọnkéré náà ní òòró àti ní ìbú ń kó pàǹtírí jọ sórí ara rẹ̀ ni.

Mi ò fẹ́ ká fi ilé alámọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Agbo ilé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ mọ ohun púpọ̀ tí ilé tuntun gbàgbé: àjà kan péré ni, iyàrá rẹ̀ kéré, ògiri àárín ń pàdé ògiri òde ní ìwọ̀nba ẹsẹ̀, fèrèsé rẹ̀ tín-ín-rín. Ìpele amọ̀ kan á gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Gbogbo ìyẹn ló dáa fún ilẹ̀ mímì. Ohun tí amọ̀ ò ní ni ìdè. Bí wọ́n bá fà á, ó já. Ní Bam, ní ilẹ̀ Iran, ní ọjọ́ 26 Oṣù Kejìlá ọdún 2003, ìlú alámọ̀ àtayébáyé wó lulẹ̀, ó pa èèyàn tó lé ní 26,000, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò ju 6.6 lọ. Òrùlé amọ̀ wúwo wà lórí ọ̀pọ̀ ilé wọn. Koríko ni tiwa láyé àtijọ́, páànù ló dé lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì fúyẹ́. Bí mo bá ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi páànù Ògbómọ̀ṣọ́ ṣẹ̀sín, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn nìyẹn.

Ohun èlò, ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ àti òfin

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun èlò, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà ń yọ 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹni tó fẹ́ búlọ́ọ̀kù oníínǹṣì mẹ́sàn-án tó gbó kì í yọ ju 30 lọ. Ẹ fi ìṣó ha á lára: bó bá ń dà bí gàrí, ẹ dá a padà. Láti 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń mójú tó dídára ọjà, ti là á sílẹ̀ pé sìmẹ́ńtì 32.5 (nọ́ńbà agbára rẹ̀ nìyẹn) wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, 42.5 sì ni ti búlọ́ọ̀kù, pílà, bíìmù àti dẹ́kìn. Ó wà lára àpò, kíkà ló kù. Omi ni ọ̀tá tí a kì í fura sí: wọ́n á bu omi kún kọnkéré kó lè rọrùn láti dà, okun rẹ̀ á bá omi lọ. Tó bá wá gbẹ tán, tó nílò omi gan-an, kò sí ẹni tó máa wọ́n ọn sí i fún ọjọ́ méje.

Ohun tí mo rí ní Tọ́kì tó jọ tiwa jù ni ilé tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Lókè, ògiri pọ̀, torí iyàrá ni. Nísàlẹ̀, wọ́n yọ ògiri kúrò kí gíláàsì lè fẹ̀, pílà nìkan ló kù. Bí ilẹ̀ bá mì, òkè á dúró bí àpótí, ìsàlẹ̀ á tẹ̀ bí orúnkún. Ẹ rìn gba ojú títì ńlá kan kọjá ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ ka iye ilé tó rí bẹ́ẹ̀.

Ìwé òfin ilé kíkọ́ wà fún gbogbo Nàìjíríà láti 2006. Tọ́kì náà ní òfin, ìwé tiwọn tiẹ̀ dáa ju tiwa lọ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mímì. Ní 2018 wọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn tó kọ́lé lòdì sí òfin, wọ́n sì fún wọn níwèé pé kí ilé náà máa dúró bẹ́ẹ̀. Ìwé ò ru dẹ́kìn.

Ilé tó ti dúró ńkọ́?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyẹn, torí ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun kò tó ẹni tó ń gbé àtijọ́. Kò sí bí a ṣe lè bọ́ ògiri sílẹ̀ ká tún un tò. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n ti ní ìrírí ni pé wọ́n á ha ìrẹ́ kúrò ní igun ilé, wọ́n á na wáyà alásẹ́ sí inú àti òde ògiri, wọ́n á lu ihò kọjá kí wọ́n lè fi wáyà so ti inú mọ́ ti òde, kí wọ́n tó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ padà. Wọ́n á tún so igi òrùlé mọ́ orí ògiri kó má baà máa jókòó lásán. Bí fẹ́ǹsì bá gùn láìní pílà, kí wọ́n gé e sáàárín, kí wọ́n gbé pílà sí i ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí mo ṣe tún tèmi kọ́ nìyẹn, owó rẹ̀ sì lé ní ìlọ́po méjì ohun tí mo rò pé mo fi pa mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ilé ìyá mi ní Ọ̀yọ́, ojú sísán kan wà tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé iyàrá wọn, tó dá bú ògiri lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti rẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti padà. Aláǹgbá ti ń gbé inú rẹ̀, kò dúró de òwe. Igun fèrèsé ni ògiri ti máa ń kọ́kọ́ sán, torí ibẹ̀ ni ìnira ń pé jọ sí, líńtù tí wọ́n gé sì kúrú lórí rẹ̀. Kí n tó rí owó wáyà, mo mú pẹ́ńsù, mo fa ìlà tín-ín-rín sí ibi tí orí ojú sísán náà dé, mo kọ ọjọ́ àti oṣù sí i. Màmá wo mi láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìwọ náà, ògiri lo wá ń kọ lẹ́tà sí?"

Ìyẹn ti pé oṣù mẹ́rin. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá tí mo lọ kí wọn, ó ti kọjá ìlà náà ní ìwọ̀n èékánná kan. Mo fa ìlà kejì.